Táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù àti ọkàn àwọn ọ̀dọ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 19 ni, ó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń sọ pé ọkàn òun ń lù kìkì, pé tí òun bá ń gun àtẹ̀gùn, àfi kí òun dúró mí kí òun tó dé òkè. Ó ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń rù. Òógùn ń bò ó nígbà tí àwọn tó yí i ká ń wá aṣọ òtútù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ohun tó bá fọwọ́ kọ, òun fúnra rẹ̀ ò rí i kà. Àwọn kan ní ìrònú ìdánwò ni, àwọn kan ní àìsùn ni. Ìgbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní táírọ́ìdì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Graves ni wọ́n pe àìsàn náà. Lórí ìjókòó, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 128 láàárín ìṣẹ́jú kan. Carbimazole àti propranolol ni wọ́n kọ fún un.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín: ọrùn ni mo mọ̀ pé táírọ́ìdì wà, báwo ló ṣe wá dé ọkàn? Ṣé ọmọ tí kò tíì pé 20 lè ní wàhálà ọkàn lóòótọ́? Ó sì ti ń sọ ọ́ báyìí pé bí ara òun bá ti yá, òun ò lo oògùn kankan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú rẹ̀ rí, kí ni ká máa ṣọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ara á yá a. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí bí ìyẹn bá yé yín, ẹ ò ní í jẹ́ kó fi oògùn sílẹ̀.

Táírọ́ìdì wà níwájú ọrùn, ó ń ṣe họ́mónù méjì tí wọ́n ń pè ní T4 àti T3. Ẹ̀yà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń fi TSH ránṣẹ́ sí i pé kó ṣiṣẹ́, tí họ́mónù bá sì ti tó, á dín in kù. Nínú Graves, ohun tí ara fi ń gbógun ti àrùn ló ṣìnà. Ó ń ṣe èròjà kan tó ń lẹ̀ mọ́ ibi tó yẹ kí TSH lẹ̀ mọ́, táírọ́ìdì á wá máa ṣiṣẹ́ láìdúró. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìwé àyẹ̀wò á fi gbé TSH tó ti lọ sílẹ̀ pátápátá jáde, tí T4 àti T3 á sì ga.

Ọkàn wà lára ibi tí T3 ti ń ṣọṣẹ́ jù. Ó ń mú kó yára lù, ó ń mú kó fi agbára lù, ó ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ sí i, ó sì ń jẹ́ kí ara tọ́jú omi àti iyọ̀ pa mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ní láti máa tì káàkiri á fi pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lè fi ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tó bá le, ó lè ju ìlọ́po méjì. Ẹ ro ti ẹni tó ń sáré gun òkè tọ̀sán tòru láìsọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló dùbúlẹ̀ sí. Ìyẹn ni àbúrò yín ò fi lè gun àtẹ̀gùn: ọkàn rẹ̀ ti ná agbára tó yẹ kó fi gun àtẹ̀gùn kó tó dìde rárá.

Ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn kà á bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù nígbà tó bá ti sùn lọ fọnfọn. Ọkàn tí ẹ̀rù tàbí ìrònú ń lù máa ń rọlẹ̀ téèyàn bá ti sùn. Ti táírọ́ìdì kì í fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Tó bá ju 90 lọ lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà.

Atẹ́lẹwọ́ kọ:

Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa oorun yìí, èmi gan-an jẹ́rìí sí i. Èmi náà wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí Graves mú mi. Mo máa ń fi etí kan lé ìrọ̀rí, ìlù ọkàn mi ni máa máa gbọ́ nínú rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, màá rí i tí aṣọ ìbora ń mi lókè àyà mi. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ìpayà ni, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Dókítà kejì ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ ìwé pẹlẹbẹ kan lé orí ìka mi, ìwé náà sì ń gbọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ojú ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n yẹ TSH mi wò.

Ẹ sọ èyí fún àbúrò yín látọ̀dọ̀ mi: iṣẹ́ oògùn méjèèjì yàtọ̀ síra. Propranolol ló máa kọ́kọ́ tu èèyàn lára, láàárín wákàtí sí ọjọ́ díẹ̀ ni ọkàn á ti rọlẹ̀, tí ọwọ́ á dín gbígbọ̀n kù. Àmọ́ ńṣe ló ń dí ọkàn létí. Táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ò tíì jáwọ́. Carbimazole ló ń dí i lọ́wọ́ láti ṣe họ́mónù tuntun, kò sì lè fọwọ́ kan èyí tó ti ṣe pa mọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló máa ń gbà kéèyàn tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá ń yá nítorí propranolol, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì lè kún fún họ́mónù. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń rò pé ó ti tán.

Bàbá Kékeré kọ:

Ẹ kú àlàyé. Ṣé gẹ̀gẹ̀ kọ́ nìyí? Ohun tí èmi mọ̀ ni pé àìtó íódínì ló ń fa gẹ̀gẹ̀. Àwọn oògùn àfikún tó ní íódínì pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kò ní í dáa kó máa lo ìyẹn dípò àwọn oògùn líle yìí?

Apòògùn Àdúgbò kọ:

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, Bàbá Kékeré, mo bẹ̀ yín. Òótọ́ ni pé àìtó íódínì lè fa gẹ̀gẹ̀, ọrùn ẹni tó ní Graves náà sì lè wú. Ṣùgbọ́n íódínì ni táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́mónù. Èyí tó ti ń ṣe àṣejù, tí ẹ bá tún kó íódínì fún un, ó lè ru ú sókè sí i. Ìgbà míì wà tí dókítà fúnra rẹ̀ máa lo íódínì, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, àmọ́ lábẹ́ ojú wọn ni, fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ àwọ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, kó sọ pé òun ní àìsàn táírọ́ìdì kí wọ́n tó fún un, torí íódínì pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a ti dé orí oògùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gbé propranolol mì, torí ó lè fún ọ̀nà èémí pa. Oògùn míì wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó kò gbọ́dọ̀ já a jù lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù.

Oògùn ọ̀fìnkìn tó ń la imú, pàápàá èyí tó ní pseudoephedrine, kó yẹra fún un. Ó ń mú ọkàn sáré. Bákan náà ni kọfí tó pọ̀ àti ohun mímu alágbára tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń mu kí wọ́n lè kàwé mọ́jú. Kí ọkàn rẹ̀ tó fara rọ, kó jìnnà sí wọn.

Biotin, fítámì kan tó máa ń wà nínú oògùn irun àti èékánná, lè da àyẹ̀wò táírọ́ìdì rú: ó lè jẹ́ kí TSH dà bíi pé ó lọ sílẹ̀, kí T4 dà bíi pé ó ga, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ń lò ó, kó dá a dúró fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán, kó tó lọ gba ẹ̀jẹ̀. Tí ìwọ̀n tó ń lò bá pọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé rèé: carbimazole máa ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn díẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì wọ́pọ̀ jù. Kò tó ẹnì kan nínú 100. Àmọ́ bí ọ̀nà ọ̀fun bá ṣàdédé ń dun ún, tí ibà mú un, tàbí tí egbò yọ lẹ́nu rẹ̀, kó dá carbimazole dúró, kó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má dúró di ọ̀la. Tí ẹyinjú rẹ̀ bá di rúsúrúsú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ẹ̀dọ̀ ni, òun náà ò ṣeé dúró fún.

Obìnrin tó bá sì fẹ́ lóyún kó sọ fún dókítà ṣáájú, torí carbimazole lè ṣe ọmọ inú níjàǹbá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀.

Òǹkàwé Àgbà kọ:

Mo fẹ́ fi kinní kan kún un nítorí ìbéèrè Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ pé báwo ló ṣe dé ọkàn. Robert Graves tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn yìí, dókítà ní ìlú Dublin ni. Nínú ohun tó tẹ̀ jáde ní 1835, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ìlù ọkàn líle tí kò dáwọ́ dúró, èyí tó rí lára àwọn obìnrin kan, kó tó wá mẹ́nu kan ọrùn wọn tó wú. Ní 1840, Karl von Basedow kọ nípa ti tirẹ̀ ní Jámánì: ojú tó yọ síta, ọrùn tó wú, ọkàn tó ń sáré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọkàn ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń wo ọrùn nìkan ò tíì rí i tán.

Eléré Ọ̀dọ́ kọ:

Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ara mi ń bù máṣọ. Ọkùnrin ni mí, eré ìdárayá ni mò ń ṣe. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣe eré àṣekára, tí mo jẹun yó bámúbámú kí n tó sùn, mo jí ní ìdájí, ẹsẹ̀ mi ò gbéra. Mi ò dákú, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́, ẹsẹ̀ nìkan ni kò dá mi lóhùn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí i pé potassium, èròjà kan tí iṣan ara àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, ti lọ sílẹ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n wá ń wá ìdí rẹ̀, wọ́n bá táírọ́ìdì níbẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń ṣe jù, pé ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ará Ìlà Oòrùn Éṣíà, àmọ́ kò sí ẹ̀yà tí kò lè ṣe. Ewu rẹ̀ kì í ṣe ti ẹsẹ̀ nìkan: potassium tó lọ sílẹ̀ lè da ìlù ọkàn rú kó sì pa èèyàn. Tí ìyá tàbí bàbá kan bá rí i pé ẹsẹ̀ ọmọkùnrin wọn rọ láàárọ̀, kí wọ́n má fi àárẹ̀ eré pè é.

Ìgbà tí táírọ́ìdì mi rọlẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ò tún kọ̀ mọ́.

Ìyá Arẹwà kọ:

Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká gbọ́, Eléré. Èmi ń tọ́jú ọmọ ọdún 11 tó ní in. Ti ọmọdé máa ń fara pa mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ló ní kì í jókòó sójú kan, pé kì í fetí sílẹ̀, pé nǹkan kékeré báyìí, ẹkún ló máa fi dáhùn. Ó ga lójijì, inú wa ń dùn pé ó ń dàgbà. Ọ̀nà tó fi ń mí lẹ́yìn tó bá sáré díẹ̀ ló mú kí ń gbé e lọ. Ẹ rántí pé ọkàn ọmọdé máa ń yára ju ti àgbà lọ, nítorí náà dókítà ló máa fi wé ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má fi 60 sí 100 tí wọ́n kọ fún àgbà wọn ọmọ kékeré.

Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ka ọkàn rẹ̀ lójú oorun, ó jẹ́ 104. A pe dókítà, wọ́n ní kó wá ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ọkàn náà bó ṣe ń fún. Wọ́n ní ó ń yára ni, kò tíì dàrú, agbára rẹ̀ ṣì pé. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní pé ó dàrú? Kí sì ni àmì tó máa jẹ́ ká gbé e dìgbàdìgbà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ kọ:

Ẹ kú oríire, ìròyìn tó dáa nìyẹn.

Èyí tó dàrú ni wọ́n ń pè ní atrial fibrillation. Ìyẹ̀wù òkè ọkàn ò ní í fún dáadáa mọ́, ńṣe ni á kàn máa gbọ̀n rìrì. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa dúró lójú kan níbẹ̀, ó lè dì. Tí èyí tó dì bá sì já lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Nínú 100 èèyàn tí táírọ́ìdì wọn ń ṣiṣẹ́ àṣejù, nǹkan bíi 10 sí 15 ló máa ń ní in, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò wọ́pọ̀ rárá fún ọjọ́ orí àbúrò yín. Àmọ́ ohun tí kò wọ́pọ̀ kì í ṣe ohun tí kì í ṣẹlẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá fi sílẹ̀ pẹ́, tàbí tí ọkàn náà ti ní àlébù kan tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ kó tó dìde, kó fi ìka ìlábẹ̀ àti ti àárín lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lápá ibi tí àtàǹpàkò wà. Kó má fi àtàǹpàkò kà á, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀. Kó kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan, kó má ka ìlàjì kó sọ ọ́ di méjì. Bó ṣe ń kà á, kó fetí sí bó ṣe ń lọ. Tó bá yára àmọ́ tó ń lọ déédéé, ìyẹn ni èyí tó ní báyìí. Tó bá ń já, tó ń sáré, tó ń dúró, tí kò ní ìlànà kankan, kó lọ ṣe ECG lọ́jọ́ náà.

Èyí tó yẹ kí ẹ gbé e sáré lọ fún: tí kò bá lè mí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí àyà ń dùn ún, tó bá dákú, tí apá kan bá rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí ọkàn bá ń sáré ju 130 tàbí 140 lọ, tó sì kọ̀ tí kò rọlẹ̀ láìṣe wàhálà kankan. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni kí ibà líle dé, kó máa bì, kó máa ṣu, kí ọkàn máa sáré burúkú, kó sì máa sọ ìsọkúsọ tàbí kó máa ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Wọ́n ń pè é ní thyroid storm, ó ń pa èèyàn, ọ̀dọ́ tàbí àgbà. Àìsàn míì, iṣẹ́ abẹ, ìbímọ tàbí fífi oògùn sílẹ̀ lójijì ló sábà máa ń fà á. Tí ibà bá mú un kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ fún un ní paracetamol, kó má jẹ́ aspirin.

Atẹ́lẹwọ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ má bàa máa bẹ̀rù ṣá, ẹ gbọ́ eléyìí náà. Ọkàn tí táírọ́ìdì bà jẹ́ wà lára ọkàn tó máa ń sàn jù lọ. Èmi ní tèmi, ọkàn mi ti rẹ̀ dé ibi tí kò fún dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ mi wú. Nígbà tí họ́mónù wálẹ̀, tí ìlù rẹ̀ sì rọ̀, ó padà sípò. Àwọn tí tiwọn dàrú pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń padà sí déédéé láàárín oṣù mélòó kan tí táírọ́ìdì bá ti rọlẹ̀. Bó bá ṣe pẹ́ sí kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó padà.

Lílo carbimazole náà máa ń tó oṣù 12 sí 18. Tí àìsàn náà bá padà wá lẹ́yìn ìyẹn, íódínì tó ní ìtànṣán wà, èyí tí ìtànṣán rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì táírọ́ìdì, iṣẹ́ abẹ náà wà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ tó bá padà. Nínú àwọn ọ̀dọ́, àìsàn náà sábà máa ń padà wá.

Eléré Ọ̀dọ́ kọ:

Àti eré sísá o! Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára ọ̀dọ́. Dókítà mi ní rírìn jẹ́jẹ́ nìkan ni títí ìlù ọkàn mi lórí ìjókòó á fi rọlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ mi á sì dára. Iṣan itan mi gan-an ti yọ́, mi ò lè dìde lórí ìlòṣòó láìdi nǹkan mú. Òun náà padà, àmọ́ ó pẹ́ ju ti ọkàn lọ.

Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ kọ:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, ó sì ti gbà pé òun ò ní í fi oògùn sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ ọ́. Ó kù ìkan. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò: T4 ti wálẹ̀ dáadáa, àmọ́ TSH kò tíì kúrò nísàlẹ̀. Ìyẹn ló ń kó ìdààmú bá a, ó ní oògùn ò ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ kọ:

Ó ń ṣiṣẹ́. TSH tí họ́mónù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́ lè wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kódà fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn tí T4 àti T3 bá ti dára. T4 àti T3 ni dókítà ń wò jù lásìkò yìí láti mọ bó ṣe máa dín oògùn kù tàbí bó ṣe máa fi kún un. Kó rí i pé wọ́n kọ T3 náà sínú ìwé àyẹ̀wò tó ń bọ̀, torí T4 lè ti wálẹ̀ kí T3 ṣì ga, T3 yẹn ló sì ń lu ọkàn. Kó máa kọ iye tó ń kà láràárọ̀ sínú ìwé kan, kó mú un dání tó bá ń lọ.